Ẹ Má Pe Ọ̀rọ̀ Ilé Ní Ọ̀rọ̀ Kékeré: Àwíjàre fún Jane Austen

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti lẹ́nu àwọn tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn káàkiri ayé, ọ̀rọ̀ náà sì ti di àṣà débi pé ẹni tí ó bá ń sọ ọ́ kì í dúró bi ara rẹ̀ léèrè mọ́ bóyá òtítọ́ ni. Wọ́n ní Jane Austen, ọmọ àlùfáà abúlé Steventon ní Hampshire, tí a bí ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1775, tí ó sì jáde láyé ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1817, jẹ́ obìnrin jẹ́jẹ́ tí kò lọ́kọ, tí kò bímọ, tí kò rin ìrìn àjò tó nǹkan, tí ohunkóhun kò sì ṣẹlẹ̀ sí láyé rẹ̀. Wọ́n ní nítorí pé kò mọ ayé, inú ilé nìkan ni ó rí kọ sínú ìwé: ijó jíjó àti tíì mímu, ìbẹ̀wò àti òfófó, ìfẹ́ àti ìgbéyàwó. Wọ́n ní nígbà tí Napoleon ń fi ìbọn àgbá mi gbogbo Yúróòpù tìtì, arábìnrin yìí jókòó ti fèrèsé, ó ń wo àwọn wúńdíá tí ń múra òde. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ń sọ èyí láti fi bù ú kù. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ náà ń sọ ọ́ láti fi yìn ín, pé ohun kékeré ni ó dáwọ́ lé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣe é láṣeyọrí. Mo takò èébú náà, mo sì takò ìyìn náà, nítorí inú ìṣìnà kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde wá. Wọn kò mọ ìgbé-ayé obìnrin náà, wọn kò ka ohun tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ dójú àmì, èyí tí ó sì burú jù lọ, wọn kò mọ ohun tí ilé jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, nítorí àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ta ni ó kọ́kọ́ jẹ́rìí pé ìgbé-ayé Jane Austen ṣófo? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni, Henry, ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ ìrántí kúkúrú sí iwájú ìwé méjì tí a tẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ìparí ọdún 1817. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, ó sì ti gba oyè àlùfáà nígbà náà, nítorí náà ó fẹ́ kí ayé mọ àbúrò òun gẹ́gẹ́ bí onígbàgbọ́ onírẹ̀lẹ̀ tí kò lépa òkìkí, tí kò sì lépa owó. Ẹlẹ́rìí kejì ni James Edward Austen-Leigh, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tí Jane kú, tí ó sì ti lé ní ẹni 70 ọdún nígbà tí ó tẹ ìwé ìrántí tirẹ̀ jáde ní ọdún 1869. Ní ayé Ọbabìnrin Victoria tí ọkùnrin yìí ń kọ̀wé, kò dùn mọ́ ìdílé ọlọ́lá nínú kí a gbọ́ pé obìnrin inú wọn fi ìwé ṣòwò, tí ó sì bá àwọn òǹtẹ̀wé nájà. Obìnrin tí ń ránṣọ, tí ń bá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣeré, tí ó sì ń kọ nǹkan bí ọwọ́ bá dilẹ̀, òun ni ìdílé lè gbé síta láìkọminú. Láàárín àwọn méjèèjì ni Cassandra wà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti àṣírí ọkàn rẹ̀, ẹni tí ó dáná sun púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà Jane, tí ó sì gé apá kan kúrò lára àwọn mìíràn, débi pé nǹkan bí 160 péré ni ó kù fún wa lónìí. Ìfẹ́ ni ó mú Cassandra ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì bá a wí. Ṣùgbọ́n bí a bá ti jó ìwé ẹ̀rí níná, a kò lè tún dúró lórí eérú rẹ̀ kí a máa kéde pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó yí ayé Jane Austen ká, ọwọ́ ènìyàn ni ó dá a.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí a ní ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀ sí? Ọmọ ọdún 7 ni nígbà tí wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí àìsàn ibà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀ níbẹ̀. Eliza, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tí ó máa ń wá sí Steventon láti wá ṣeré orí ìtàgé pẹ̀lú wọn, fẹ́ ọ̀gágun ará Faransé kan; ní ọdún 1794, nígbà tí ọ̀tẹ̀ ń jà ní Paris, wọ́n bẹ́ orí ọkọ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí Cassandra ń fẹ́ sọ́nà, Tom Fowle, bá àwọn ọmọ ogun lọ sí àwọn erékùṣù Karíbíánì gẹ́gẹ́ bí àlùfáà wọn, ibà pọ́njú sì pa á níbẹ̀ ní ọdún 1797, Cassandra kò sì lọ́kọ mọ́ títí ó fi kú. Ní ọdún 1799, wọ́n fi ẹ̀sùn kan ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní ìlú Bath pé ó jí léèsì tí iye rẹ̀ jẹ́ 20 ṣílè. Odidi oṣù méje ni obìnrin ọlọ́lá náà fi wà ní àtìmọ́lé kí ìgbìmọ̀ adájọ́ tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1800, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀sùn náà tó ohun tí a lè torí rẹ̀ so ènìyàn kọ́ tàbí kí a lé e lọ sí Australia. Méjì nínú àwọn arákùnrin rẹ̀, Francis àti Charles, ni wọ́n jẹ́ ọmọ ogun ojú omi láti kékeré. Francis jagun ní San Domingo ní ọdún 1806, àwọn méjèèjì sì di ọ̀gá àgbà ọkọ̀ ogun kí wọ́n tó kú. Ẹni tí ó ń dúró de lẹ́tà láti ojú òkun ní ọdún ogun, tí kò mọ̀ bóyá alààyè ni ó kọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ òun tàbí òkú, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a óò sọ fún pé kò mọ̀ pé ogun ń jà?

Nígbà tí George Austen, bàbá rẹ̀, kú ní ìlú Bath ní oṣù Kìíní ọdún 1805, owó iṣẹ́ àlùfáà bá a lọ. Ìyá àti ọmọbìnrin méjì ni ó ṣẹ́kù láìnílé, tí àwọn arákùnrin ń dá owó jọ fún lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń ti ilé ẹbí kan kọjá sí òmíràn títí di oṣù Keje ọdún 1809, nígbà tí Edward, ẹ̀gbọ́n tí ìdílé ọlọ́rọ̀ kan ti gbà ṣọmọ, fún wọn ní ilé ní abúlé Chawton. Ṣáájú àkókò náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1802, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí Jane pé ọmọ ọdún 27, Harris Bigg-Wither, àrólé ilé ńlá Manydown, sọ fún un pé òun fẹ́ fi í ṣe aya. Ó gbà ní alẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá a, ó ní òun kò lè ṣe é mọ́. Ẹ wo ohun tí obìnrin yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì: ilé, ilẹ̀, oúnjẹ ọjọ́ ogbó, àti ibùgbé fún ìyá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tí ó ti dúró ní ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí, tí ó ti fi òru ọjọ́ kan wọn ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú ọrọ̀ ẹlòmíràn, mọ ohun tí ó ń sọ nígbà tí ó bá ń sọ ìtàn ìgbéyàwó, kò sì sí àgbà ọkùnrin tí ó yẹ kí ó máa bá a sọ pé eré ọmọdé ni.

Wọ́n tún sọ pé kò ka ìwé kíkọ sí iṣẹ́, pé ó kàn ń fi pa ọwọ́ dà ni. Ẹ jẹ́ kí àkọsílẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1797, bàbá rẹ̀ kọ̀wé sí òǹtẹ̀wé kan ní London nípa ìtàn tí ó padà di *Pride and Prejudice*, òǹtẹ̀wé náà kò tilẹ̀ ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ kí òun wò ó. Ní ọdún 1803, Jane ta ìwé mìíràn fún ilé ìtẹ̀wé Crosby ní 10 pọ́n-ùn; wọ́n sanwó, wọ́n sì gbé ìwé náà sí orí àjà láìtẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ó fi orúkọ mìíràn kọ lẹ́tà líle sí wọn, wọ́n sì dá a lóhùn pé kí ó mú 10 pọ́n-ùn náà padà wá bí ó bá fẹ́ gba ìwé rẹ̀. Ọdún 1816 ni ó tó rí i rà padà. Ọmọ ọdún 35 ni nígbà tí *Sense and Sensibility* jáde ní ọdún 1811 láìní orúkọ rẹ̀ lára, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fara mọ́ ewu àdánù. Nígbà tí ìwé tà tán, ó jèrè 140 pọ́n-ùn. Ó ta *Pride and Prejudice* pátápátá ní 110 pọ́n-ùn, nígbà tí 150 ni ó fẹ́ gbà, àánú owó yìí sì kọ́ ọ lọ́gbọ́n, débi pé nígbà tí òǹtẹ̀wé John Murray fẹ́ san 450 pọ́n-ùn fún ẹ̀tọ́ lórí ìwé mẹ́ta pọ̀, kò gbà. Ó yàn láti tẹ *Emma* ní orí èrè àti àdánù ara rẹ̀. Nígbà tí alábòójútó ìyàrá ìkàwé ọmọ ọba ń gbà á níyànjú ní ọdún 1816 pé kí ó kọ ìtàn ìdílé ọba kan láti Jámánì, ọ̀nà tí ìbá fi rí ojú rere ààfin, ó kọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní ọ̀nà tòun ni òun yóò máa bá lọ. Gbogbo owó tí ìwé mú wá fún un kí ó tó kú kò tó 700 pọ́n-ùn, bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Darcy inú *Pride and Prejudice* tí òun fi gègé dá ń gba 10,000 pọ́n-ùn lọ́dún. Owó oṣù kan ọkùnrin inú ìwé ju gbogbo ohun tí ẹni tí ó kọ ọ́ rí gbà. Obìnrin tí ó mọ ìṣirò yìí kì í ṣe ẹni tí ń fi ìwé ṣeré.

Níhìn-ín ni mo dé gbùngbùn ẹjọ́ mi. Ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ kí ó hàn sí ẹni tí ó bá fi ojú inú ka àwọn ìwé wọ̀nyí ni pé òǹkọ̀wé náà kì í mú ènìyàn wọlé kí ó má sọ iye tí ń wọlé fún un. Bingley wọlé pẹ̀lú 4,000 tàbí 5,000 pọ́n-ùn rẹ̀, Emma pẹ̀lú 30,000 tí yóò jogún, Rushworth inú *Mansfield Park* pẹ̀lú 12,000 lọ́dún tí ó bo agọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí ni pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, àwọn ọmọbìnrin ọlọ́lá kò lè ṣe agbẹjọ́rò, wọn kò lè ṣe àlùfáà, wọn kò lè ṣe ọmọ ogun. Ọmọkùnrin àkọ́bí ni ilẹ̀ ń bọ́ sí lọ́wọ́. Bí obìnrin bá sì lọ́kọ, òfin fi ohun-ìní rẹ̀ sábẹ́ àṣẹ ọkọ, ìdè tí a kò bẹ̀rẹ̀ sí tú títí di àwọn òfin ọdún 1870 àti 1882. Ìgbéyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó ṣí sílẹ̀ fún wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé Jane Austen kò kọ nǹkan kan ju ìgbéyàwó lọ ti sọ láìmọ̀ pé ó kọ nípa oúnjẹ, nípa òrùlé, nípa òfin ogún àti nípa ọjọ́ ogbó, nítorí inú ìgbéyàwó ni ìlú rẹ̀ kó gbogbo wọn jọ sí fún ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ ṣí *Sense and Sensibility* sí orí kejì, kí ẹ sì wò ó bí ìwà ìkà ti ń wọ aṣọ ọ̀wọ̀. Bàbá kan ń kú lọ, ó fi ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin mẹ́ta lé ọwọ́ John Dashwood, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin láti ọ̀dọ̀ ìyàwó àkọ́kọ́, ọmọ náà sì ṣèlérí láti tọ́jú wọn. Ó pinnu láti fún àwọn àbúrò rẹ̀ ní 1,000 pọ́n-ùn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nípa ọmọ wọn kékeré tí wọn yóò jà lólè. Ẹgbẹ̀rún di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta di owó ọdọọdún fún ìyá, owó ọdọọdún di ẹ̀bùn ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀bùn di ẹja àti ẹran ìgbẹ́ ní àsìkò wọn, títí tí ọkùnrin náà fi dìde ní ìdánilójú pé bàbá òun kò ní owó lọ́kàn rárá. Wọn kò pariwo, wọn kò fa ọ̀bẹ yọ, kò sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ja opó àti ọmọ òrukàn lólè tán lórí àga ìjókòó, tí olè náà sì ka ara rẹ̀ sí ọmọlúàbí. Òṣì ní í jẹ́ ta ní mọ̀ ọ́ rí, ọlá ní í jẹ́ mo bá ọ tan. Àwọn baba wa ti mọ òtítọ́ yìí, ṣùgbọ́n n kò rí òǹkọ̀wé tí ó fi hàn bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn ènìyàn, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, bí obìnrin yìí ti fi hàn án nínú ojú ewé díẹ̀.

Nínú *Pride and Prejudice*, 2,000 pọ́n-ùn ni ilẹ̀ Longbourn ń mú wá lọ́dún, ṣùgbọ́n ìwé ogún ti so ilẹ̀ náà mọ́ ọkùnrin nìkan, ọmọbìnrin márùn-ún ni ó sì wà nínú ilé; ọjọ́ tí bàbá wọn bá mí èémí ìkẹyìn ni Collins, ìbátan òkèèrè, lè lé wọn síta. Àwọn òǹkàwé ti fi Ìyáàfin Bennet ṣe yẹ̀yẹ́ fún igba ọdún nítorí pé ó ń pariwo ọkọ kiri, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilé náà, òun nìkan ni ó ń bẹ̀rù ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù. Bàbá tí ó gbọ́n, tí ó ń kàwé, tí ó ń rẹ́rìn-ín, kò fi kọ́bọ̀ pamọ́ fún wọn. Charlotte Lucas, ẹni ọdún 27 tí kò lẹ́wà tí kò sì lówó, fẹ́ Collins pẹ̀lú ojú rẹ̀ ní ṣíṣí, nítorí ó mọ̀ pé òmùgọ̀ tí ó ní ilé sàn ju kí òun di ẹrù arákùnrin òun lọ. Ọjọ́ orí tí Charlotte wà nígbà tí ó gbà ni ọjọ́ orí tí Jane fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nígbà tí ó kọ̀, síbẹ̀ kò bú Charlotte, kò sì fi í ṣẹ̀sín; ó mú wa wọ ilé rẹ̀ lọ kí a rí iyàrá tí ó yàn láti máa jókòó sí, nítorí pé ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ràn láti máa wá síbẹ̀. Nínú *Emma*, nígbà tí Emma, ọmọ olówó, fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gún Miss Bates, àgbà obìnrin tí kò lọ́kọ tí kò sì lówó, ní orí òkè Box Hill, ìbáwí tí Knightley, ọ̀rẹ́ ìdílé rẹ̀, fi lé e kò dá lórí ìwà pẹ̀lẹ́ nìkan. Ó rán an létí pé tálákà ni obìnrin náà, pé ó ti ṣubú kúrò ní ipò tí a bí i sí, yóò sì tún ṣubú sí i bí ẹ̀mí rẹ̀ bá gùn. Àwàdà àárín ọ̀rẹ́ di ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo láàárín ẹni tí ó ní àti ẹni tí kò ní.

Wọ́n ní kò mọ ogun. Ta ni àwọn ọmọ ogun inú *Pride and Prejudice* tí wọ́n pàgọ́ sí ìlú Meryton, tí wọ́n ń da orí àwọn ọmọdébìnrin rú, bí kì í bá ṣe ogun ni ó kó wọn jọ? Nínú *Persuasion*, ìtàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1814 nígbà tí àlàáfíà ìgbà díẹ̀ dé, Sir Walter tí a bí sínú oyè ti jẹ gbèsè débi pé ó ń yá ilé àwọn baba rẹ̀ fún ọ̀gá ọkọ̀ ogun, Captain Wentworth sì ti fi ìkógun ojú omi di ẹni tí ó ní 25,000 pọ́n-ùn. Bí òwò àti ogun ti ń ṣí agbára ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípò, láti ọwọ́ onílẹ̀ ìran dé ọwọ́ ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, ni a rí nínú ọ̀rọ̀ ta ni yóò gbé ilé wo. Kí ni ìwé ìtàn ogun ní tí ó ju èyí lọ?

Ọ̀rọ̀ tí ó sì kan àwa gan-an wà nínú *Mansfield Park*. Sir Thomas Bertram, baálé ilé ńlá náà, ní oko ní Antigua, ibi tí àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà ti ń ṣiṣẹ́ oko ìrèké, ó sì fi ilé sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láti lọ tún ọ̀ràn oko náà ṣe. Nígbà tí ó dé, Fanny Price, ọmọ tálákà tí wọ́n gbà tọ́, bi í léèrè ọ̀rọ̀ òwò ẹrú. Gbogbo ilé dákẹ́ lọ gbári. Àwọn kan ka ìdákẹ́ yìí sí ẹ̀rí pé òǹkọ̀wé náà kò ní nǹkan sọ. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Obìnrin tí bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí a fi ṣe alágbàtọ́ oko kan ní Antigua, tí arákùnrin rẹ̀ Francis kọ̀wé takò ìkónilẹ́rú, tí òun fúnra rẹ̀ sì sọ nínú lẹ́tà ọdún 1813 bí ìwé Clarkson, ajàfẹ́ẹ̀tọ́ àwọn ẹrú, ti wọ òun lọ́kàn tó, kò ṣèèṣì kọ ìdákẹ́ yẹn. Òfin tí ó de òwò náà ti jáde láti ọdún 1807, iṣẹ́ tí òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ní etíkun wa ní ọdún 1822, nígbà tí wọ́n gba Àjàyí ọmọ Òṣogùn, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Àwa ọmọ Yorùbá tí a ní ẹbí ní Cuba àti ní Brazil nítorí òwò yìí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ìdákẹ́ náà ń wí, pé àwọn tí ń jẹ èrè ìrèké nínú yàrá tí ó mọ́ tónítóní kò ní ẹnu láti fi sọ ibi tí èrè ti wá. Ìwé ìwàásù mélòó ni ó fi ilé olówó sí ìtìjú báyìí láìsọ gbólóhùn èébú kan?

N kò ní sá fún ohun tí ó lágbára lẹ́nu àwọn alátakò mi. Òótọ́ ni pé àwọn ìránṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, àti pé àwọn tí ń ro oko àwọn ọlọ́lá náà kò ní ìtàn tiwọn níbẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí olùtọ́jú Pemberley, ilé Darcy, wà lára ohun tí ó yí ọkàn Elizabeth Bennet padà sí Darcy, tí ilé híhá aláriwo àwọn òbí Fanny Price ní Portsmouth sì fi hàn pé òǹkọ̀wé náà mọ òórùn àìní. Òótọ́ tún ni pé ìgbéyàwó ni gbogbo ìtàn náà ń já sí. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye ìgbéyàwó tí ó ti bàjẹ́ kí a tó dé ti ìparí: ti Bennet àti ìyàwó rẹ̀ tí kò bọ̀wọ̀ fún, ti Lydia, ọmọ wọn, tí a fi owó rà, ti Maria Bertram tí ó fẹ́ Rushworth nítorí 12,000 pọ́n-ùn rẹ̀ tí ó sì fi ìtìjú jáde. Ayọ̀ ìparí jẹ́ ohun tí ó ṣọ̀wọ́n tí ó sì ṣòro, a sì fi àwọn ilé tí ó wó yí i ká kí a má baà ṣi ìwọ̀n rẹ̀ gbé.

Charlotte Brontë, òǹkọ̀wé *Jane Eyre*, sọ nínú lẹ́tà kan ní ọdún 1848 pé ọgbà tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí a sì ṣọgbà yí ká, ni òun rí nínú ìwé Austen, kò sí pápá gbalasa, kò sí atẹ́gùn. Mo bọ̀wọ̀ fún obìnrin ńlá náà, ṣùgbọ́n ààrá ni ó ń wá, kò sì gbọ́ ohùn mìíràn. Ọgbọ́n tí Austen mú wá sínú ìtàn àròsọ ni bí ó ti ń jẹ́ kí ohùn asọ̀tàn àti èrò ọkàn ẹni inú ìtàn wọ inú ara wọn, débi pé a ó máa fi ojú Emma wo ayé láìmọ̀ pé ojú Emma ni. Nínú ìwé náà, Frank Churchill ní òun ń lọ gé irun ní London, kò sì pẹ́ tí píánò tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí ó rà á fi dé fún Jane Fairfax. Gbogbo ẹ̀rí pé àwọn méjèèjì ti ń fẹ́ra ní ìkọ̀kọ̀ wà níwájú wa, a kò sì rí i, nítorí pé ìgbéraga Emma ti di tiwa. Nígbà tí òtítọ́ bá jáde, àwa náà ni a dá lẹ́bi. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ ìtàn ńláńlá ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀ lé e lo ọgbọ́n yìí. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì adìẹ: Jane ọmọ àlùfáà Steventon, adákẹ́-má-fọ̀ tí ń ro ẹjọ́ opó, afi-gègé-wọn-owó-olówó, a-wọ-inú-agbéraga-má-kanlẹ̀kùn, ìwọ ni wọ́n ń pè ní kékeré.

Èwo ni a wá ń pè ní ńlá? Bí a bá fún ọkùnrin tí ó kọ ìtàn ìgbìmọ̀ ọba tí ó pín ilẹ̀ ní oyè ńlá, tí a sì fún obìnrin tí ó kọ ìtàn bí ìpín náà ti dé orí tábìlì oúnjẹ ní oyè kékeré, a ti gbàgbé pé nítorí orí tábìlì oúnjẹ ni ìgbìmọ̀ ọba fi wà. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ilé náà sì ni a ti í kó ìwà ìkà ròde: ẹni tí ó fi ẹ̀tọ́ àbúrò rẹ̀ dù ú ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lónìí ni yóò fi ẹ̀tọ́ ìlú du ìlú lọ́la. Òkúta tí wọ́n gbé lé ibojì rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Winchester ní ọdún 1817 yin ìwà rẹ̀ àti ọgbọ́n orí rẹ̀, kò sì dárúkọ ìwé kan ṣoṣo. Àwọn tí ń pè é ní aláìrí-ayé ń gbé òkúta kan náà lé e títí di òní, ìwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ni wọ́n sì ń gbé kalẹ̀ fún gbogbo obìnrin tí ó bá mú gègé láti kọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ìwé rẹ̀, ẹ jáwọ́ nínú sísọ fún àwọn ọmọ pé ìtàn ìfẹ́ ni. Ẹ kọ́ wọn láti béèrè, ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ta ni ó ni ilé, ta ni yóò jogún rẹ̀, ta ni wọ́n lè lé jáde, àti ta ni ó dákẹ́ nígbà tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti lè dáhùn, kò ní sí ẹni tí yóò tún nílò láti gbèjà Jane Austen níwájú wọn.